Síìlì Kọ́ Ló Ń Jò

ÌBÉÈRÈ

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìdáhùn yín sí àwọn tí ọkọ̀ ń dà láàmú. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi náà máa to ẹjọ́ tèmi síwájú yín.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà, mo fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi ra Land Rover ológun kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Lightweight, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1976. Bàbá mi wa Land Rover lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé. Àwòrán rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tó fara ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà, tó gẹ fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ni gbogbo ayé. Ohun tó jẹ́ kí n ra tèmi nìyẹn, kì í ṣe pé mo nílò ọkọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òróró ń jò níwájú dífẹ́rẹ́ńṣà ẹ̀yìn, níbi tí pròpẹ́là ti so mọ́ ọn. Mẹkáníìkì àdúgbò wa pààrọ̀ síìlì rẹ̀, ibẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún fi òmíràn sí i, ó tún kun gọ́ọ̀mù yí i ká. Kàkà kí ó sàn, ṣe ló ń le sí i. Ní báyìí, ẹ̀rín ló máa ń rín bó bá ti rí mi, á ní Land Rover tí kò bá jò, òróró ti tán nínú rẹ̀ ni. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Bí mo bá wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn lójú títì márosẹ̀, jíjò náà máa ń pọ̀ sí i. Bí mo bá sì gbé e sílẹ̀ níwájú ilé, páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ á rin gbingbin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ojú ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ sẹ́nu gáréèjì, imú ọkọ̀ ló sì máa ń wà nísàlẹ̀. Ìyàwó mi ti ní kí n yan ọ̀kan, yálà ọkọ̀ náà tàbí kóńkéré tí òun náwó lé lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n da òróró tó ki ju èyí lọ sí i? Oògùn inú ìgò kan wà tí wọ́n ní ó ń dí ojú jíjò, ṣé òótọ́ ni? Ẹnìkan tilẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pààrọ̀ gbogbo ásù ẹ̀yìn. Ṣé mo sì lè máa wà á báyìí ná?

Èmi ni tiyín,
Ológun Àfiṣeré, Kent

ÌDÁHÙN

Ológun wa, ẹ kú ewu ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta síìlì mìíràn fún yín ná.

Síìlì tí a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò gbọ́, a lè sọ pé ayédèrú ni, tàbí pé ẹni tó fi í síbẹ̀ fi òòlù gbá a wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a pààrọ̀ léraléra tí ojú ibẹ̀ ṣì ń rin, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ síìlì. Nǹkan kan ló ń bà á jẹ́ bí ẹ bá ti fi í síbẹ̀ tán, tàbí kó jẹ́ pé ibòmíràn ni òróró ń gbà yọ, tó wá jọ pé síìlì ni. Mẹkáníìkì yín kò béèrè ìdí. Ohun tó ń mówó wọlé fún un ló ń pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yín yẹn, gbogbo ẹni tó ní Land Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ ọ́n. Àìsàn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe é, mo gbà. Àmọ́ kí ojú irin kan rí bí ẹni pé ó làágùn, kí erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn yàtọ̀ sí kí òróró máa kán sílẹ̀. Èyí tó làágùn, ẹ nù ún, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Èyí tó ń kán títí tí páálí fi rin, àìsàn ni, ó sì ní oògùn.

Lightweight, láti 1968 títí di 1984 ni wọ́n fi ṣe é, fún àwọn ọmọ ogun tó ń fẹ́ ọkọ̀ tí hẹlikópítà lè gbé rọ̀ bí wọ́n bá ti tú ìlẹ̀kùn àti àwọn ara rẹ̀ kan kúrò. Èyí tí ẹ ní, Series III ni, oníkúkúrú, tí àárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 88 ínṣì. Àfàìmọ̀ kí èyí tó wà nínú àwòrán bàbá yín má jẹ́ Series II tàbí IIA, nítorí àwọn ló wọ́pọ̀ nígbà ogun 1967 sí 1970. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ dífẹ́rẹ́ńṣà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Ìdí nìyẹn tí àgbà mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, níbi tí ilé iṣẹ́ Leyland ti ń to Land Rover pọ̀ nígbà kan, fi lè tú u palẹ̀ láì wo ìwé. Kí ẹni tó ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo ásù yín lọ jókòó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí òróró náà ti ń wá. Ẹ má fi òórùn mọ̀ ọ́n o. Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ yín, tìránsífà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti dífẹ́rẹ́ńṣà, òróró EP90 kan náà ni gbogbo wọn ń mu, òórùn kan náà ni wọ́n ní. Tìránsífà yẹn ní síìlì tirẹ̀ lẹ́yìn, nínú dúrọ́ọ̀mù hándíbíréèkì. Bí ìyẹn bá ń jò, òróró á kún inú dúrọ́ọ̀mù náà, pròpẹ́là á máa fọ́n ọn káàkiri bó ṣe ń yí, atẹ́gùn abẹ́ ọkọ̀ á sì gbá a lọ bá ásù ẹ̀yìn. Ẹ̀yin á wá dójú ti dífẹ́rẹ́ńṣà tí kò ṣẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù yẹn. Bí ó bá tutù, tí hándíbíréèkì náà kò sì di ọkọ̀ mú dáadáa mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ fọ gbogbo ara ásù ẹ̀yìn mọ́. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ló dára jù fún ẹrẹ̀ àtijọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣan án, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ délẹ̀délẹ̀. Kí ẹ wá fọ́n pọ́dà ọmọdé sí i lára: ní imú rẹ̀ níbi tí fílánjì tí pròpẹ́là so mọ́ wà, ní ojú ibi tí dífẹ́rẹ́ńṣà ti fara mọ́ ásù, ní ìdí bóòtù tí a fi ń fa òróró jáde, àti ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ẹ wà á jáde, kì í ṣe ìrìn àjò gígùn. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ rẹ̀. Ibi tí pọ́dà ti kọ́kọ́ dúdú ni ẹ ń wá, kì í ṣe ibi tí òróró ti ń kán. Ibi tó ń kán kò ju ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lára irin.

Nínú lẹ́tà yín, ohun méjì wà tí ẹ sọ kọjá, tí mo sì dì mú.

Èkíní, ẹ ní imú ọkọ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ bí ẹ bá gbé e sílẹ̀. Píníọ̀nù ásù ẹ̀yìn, ìyẹn gíà kékeré tí pròpẹ́là ń yí, iwájú ló kọjú sí. Bí imú ọkọ̀ bá dorí kodò, gbogbo òróró inú dífẹ́rẹ́ńṣà á ṣàn lọ bo síìlì mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Síìlì tí ojú ibi tó ń fara kàn ti bàjẹ́ díẹ̀ lè rọ́jú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò lè rọ́jú níbẹ̀ yẹn. Láti òní lọ, ẹ fi ẹ̀yìn wọlé, kí ẹ wo bí páálí ṣe máa rí láàárọ̀. Kò wo àìsàn náà o, ṣùgbọ́n bí jíjò bá dín kù gan-an, ẹ ti mọ̀ pé imú ni, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Èkejì ni ti títì márosẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Bí dífẹ́rẹ́ńṣà bá ti ń ṣiṣẹ́, á gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á fẹ̀. Ó yẹ kí atẹ́gùn yẹn rí ibi bá jáde. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi bírídà kékeré kan sórí ásù, ìyẹn ihò ìmí rẹ̀. Bí ihò yẹn bá dí, inú dífẹ́rẹ́ńṣà á dà bí ìkòkò tí a fi ìdérí dé pa lórí iná, òróró á sì gba ibi tó bá ti rọ̀ jù jáde. Ètè síìlì ló rọ̀ jù. Síìlì tuntun, síìlì ògbólógbòó, kò sí èyí tó máa dúró.

Ẹ wá bírídà yẹn lórí ásù ẹ̀yìn. Irin kékeré ni, a fi ojú rẹ̀ yí wọlé ni, ẹrẹ̀ sì máa ń bò ó débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé bóòtù kan tí kò níṣẹ́ ni. Ẹ gbá ẹrẹ̀ kúrò yí i ká kí ẹ tó tú u, kí ìdọ̀tí má baà jábọ́ sínú. Ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ mì í létí yín. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ kó máa ró wọ́nwọ́nwọ́n. Bí kò bá dún, ó ti gan nìyẹn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú, kí ẹ fi wáyà tínrín tọ́ ọ, kí ẹ tún mì í. Bí kò bá tún dún, ẹ ra tuntun. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Àrùn yìí wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ ológun ju ti aráàlú lọ, ọ̀dà ló sì ń fà á. Ọkọ̀ ológun, wọ́n á kùn ún, wọ́n á tún un kùn, látorí dé abẹ́, ẹni tó ń kùn ún kì í sì í béèrè ohun tí ihò kan wà fún. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di tuntun lọ́jọ́ kan, ẹ fi téèpù bo orí bírídà kí ẹ tó fọ́n ọ̀dà, kí ẹ sì rántí ṣí i. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí ọkọ̀ la odò kọjá, bírídà yẹn tún ṣe pàtàkì sí i: ásù gbígbóná tó bọ́ sínú omi tútù lójijì á fa èémí sínú, omi ló sì máa fà. Bí òróró tí ẹ bá fà jáde bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ológun fi máa ń so ọ̀pá rọ́bà mọ́ bírídà ọkọ̀ tó fẹ́ la omi kọjá, kí ẹnu rẹ̀ lè wà lókè.

Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yẹ ìwọ̀n òróró wò. Ásù yín ń gba bíi lítà 1.75. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ṣí ihò tí a fi ń da òróró, ó yẹ kí òróró dé etí ìsàlẹ̀ ihò náà kó dúró. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jò máa ń fi ìbẹ̀rù dà á ní àdàjù, àdàjù á sì tún fa jíjò.

Ẹ wà á fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí bírídà bá ti ń mí. Bí ó bá gbẹ, ẹ kí mi. Bí ó bá ṣì ń kán níwájú, ó kan ká tú fílánjì nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ìdí ọ̀rọ̀ wà. Síìlì kì í yí, fílánjì ló ń yí nínú rẹ̀. Ojú fílánjì yẹn ni ètè rọ́bà fara kàn láti 1976. Rọ́bà rọ̀, irin le, ṣùgbọ́n iyanrìn tó bá há sábẹ́ ètè rọ́bà á máa yọ irin bí ayùn. Ọkọ̀ ológun á sì tún máa jókòó sí àgọ́ fún ọdún púpọ̀ láìyí táyà, ìpatà á jẹ ojú irin náà níbi tí síìlì dúró sí. Ẹ fi síìlì tuntun sí ojú irin tó ti jẹ báyìí, ẹ óò rí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó gbẹ, kí ètè tuntun náà tó gé. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí ẹ kọ sí mi gan-an nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀, mi ò sì fi ṣeré. Hándíbíréèkì Land Rover yín kì í di táyà mú. Pròpẹ́là ẹ̀yìn ló ń dì mú. Ọjọ́ tí ẹ bá tú pròpẹ́là yẹn, ọkọ̀ kò ní hándíbíréèkì mọ́. Kódà bí ẹ kò tíì tú u, bí ẹ bá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, dífẹ́rẹ́ńṣà á jẹ́ kí táyà yẹn yí lófìífo, ọkọ̀ á sì yọ́ kúrò lórí jáàkì. Níwájú ilé yín tó dà gẹ̀rẹ́ kọ́ ni ẹ ti máa ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi igi tó nípọn há táyà tiwájú níwá-lẹ́yìn, ẹ fi ìdúró irin tó lágbára dáadáa sábẹ́ ásù, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan.

Ẹ sàmì sí ojú fílánjì méjèèjì kí ẹ tó tú bóòtù pròpẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó lè padà sí bó ṣe wà. Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ńlá àárín, ẹ di fílánjì mú, kí ẹ gbé e sókè-sódò, kí ẹ fà á wá síwájú, kí ẹ tì í sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ yí, kò gbọ́dọ̀ mì. Bí ó bá ń mì lọ sókè sódò, bíárìn píníọ̀nù ti jẹ, kò sì sí síìlì tí a lè fi sí i tí kò ní jò, torí ẹ̀gbẹ́ kan á máa tẹ̀ ẹ́ ju èkejì lọ. Ọ̀ràn ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló dà nígbà náà: wọ́n á fa ṣáàfù méjèèjì díẹ̀ jáde, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì mẹ́wàá tó di dífẹ́rẹ́ńṣà mú, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á sì fi àwọn òrùka irin tínrín wọn bí bíárìn ṣe máa le tó. Iṣẹ́ onísùúrù ni, ẹ má fi kọ́ra.

Bí kò bá mì, ẹ yọ pín-ìnì tó di nọ́ọ̀tì mú, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ fa fílánjì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ nù ún mọ́. Ẹ wo ibi dídán tó yí ọrùn rẹ̀ ká, kí ẹ wá fi èékánná àtàǹpàkò yín rìn ín kọjá láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí èékánná bá kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni òróró ń gbà. Ojú lè tàn yín, èékánná kì í tànnìyàn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra fílánjì tuntun, ìyẹn ló dára jù lọ bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Tàbí kí ẹ fi awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Speedi-Sleeve wọ ọrùn rẹ̀. Ó tínrín débi pé síìlì tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni ẹ óò tún lò, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọn ọrùn fílánjì kí ẹ tó rà á. Ọgbọ́n kẹta tí àwọn mẹkáníìkì wa máa ń dá, pé kí a fi sáńdípépà ra ojú ibẹ̀ títí á fi dán, ẹ má dán an wò bí ibi tó jẹ náà bá ti jìn: ẹ ó kàn sọ ọrùn rẹ̀ di tínrín ni.

Síìlì náà kò jókòó tààrà sínú dífẹ́rẹ́ńṣà, inú ilé kékeré kan tí a fi bóòtù dè mọ́ imú rẹ̀ ló wà, gáskẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́yìn ilé náà. Mo fura pé mẹkáníìkì yín kò tú ilé yìí, abẹ́ ọkọ̀ ló ti gbá síìlì wọlé, ló bá wá kun gọ́ọ̀mù yí i ká. Gọ́ọ̀mù tí a kùn sí ìta kò dí nǹkan kan. Ẹ tú ilé náà wá sórí tábìlì, ẹ yọ síìlì àtijọ́, ẹ nu ojú méjèèjì títí tí kò fi ní sí bébà gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kankan, kí ẹ tẹ síìlì tuntun wọlé kó tẹ́jú yíká, kí ojú rẹ̀ tó ní sípíríǹgì kọjú sí ibi tí òróró wà. Àwọn Jeep ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, awọ ni síìlì wọn, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú òróró kí wọ́n tó lò ó. Rọ́bà ni tiyín, kò gba rírẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi òróró pa ètè rẹ̀ àti ọrùn fílánjì kí wọ́n tó pàdé. Síìlì tó bá kọ́kọ́ yí ní gbígbẹ ti jóná kí ọkọ̀ tó dé ìkóríta.

Ibi kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, àárín fílánjì gan-an. Eyín ló wà nínú rẹ̀ tó bá eyín ara píníọ̀nù mu, òróró sì máa ń yọ́ gba àárín eyín wọ̀nyẹn wá sí ìdí nọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ló ti ń jáde, tí fílánjì á sì máa fọ́n ọn sẹ́yìn bó ṣe ń yí, títí ẹ óò fi búra pé síìlì ni. Gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì yín fi ṣòfò sí ìta, ibí yìí ló níṣẹ́: ẹ pa díẹ̀ sí eyín náà àti sábẹ́ wáṣà nọ́ọ̀tì, kí ó má pọ̀ jù. Kí ẹ wá fi sípánà tó ń ka agbára fún nọ́ọ̀tì náà títí dé iye tí ìwé àtúnṣe Series III sọ, kí ẹ fi pín-ìnì tuntun dè é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbọn atẹ́gùn ta á.

Ó ku àwọn ìbéèrè yín tó ṣẹ́kù. Òróró tó ki jù kò dára: nígbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní tètè dé ara bíárìn, ihò tó ń jò kò sì ní bìkítà. EP90 ni kí ẹ máa bá lọ. Oògùn inú ìgò yẹn, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú rọ́bà wú. Ó lè ran síìlì tó ti gan lọ́wọ́. Tiyín kò gan, tuntun ni. Kò sí oògùn tó lè mú irin tó ti jẹ hù padà.

Nípa pé kí ẹ máa wà á báyìí, ó dá lórí ohun kan. Ẹ yọ dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ẹ̀yìn méjèèjì, kí ẹ wo inú wọn. Bí òróró bá ti ń gba ìdí táyà yọ pẹ̀lú, síìlì họ́ọ̀bù ni, á sì ti dé ara bàtà bíréèkì. Ẹ má wà á dé òpin àdúgbò. Bàtà tó ti mu òróró kò ṣeé fọ̀, ẹ jù ú nù, kí ẹ ra òmíràn, kí ẹ tún ti họ́ọ̀bù ṣe. Bí inú dúrọ́ọ̀mù bá gbẹ, tí jíjò kò sì kọjá iwájú, ẹ lè máa wà á lọ sí tòsí, kí ẹ máa yẹ òróró wò lóòrèkóòrè. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún ní ilẹ̀ yín kò nílò àyẹ̀wò MOT ọdọọdún, kì í sì í san owó orí ọkọ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó máa bá yín wo abẹ́ rẹ̀ mọ́ àfi ẹ̀yin fúnra yín, ọlọ́kadà tó bá sì yọ̀ lórí òróró yín ní kọ́nà, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.

Òróró àtijọ́ tí ẹ bá fà jáde, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí káńsù ti ń gba ìdọ̀tí fún àtúnlò, wọ́n ní àyè fún un níbẹ̀. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré rò ó. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá dà bí ìyẹ̀fun dúdú, ìjẹ ọjọ́ orí lásán ni. Bí ẹ bá rí ẹ̀rún irin tó mú, ẹ má tíì da tuntun sí i. Ẹ ké sí ẹni tó mọ gíà tú.